Kókó Ọyàn, Kòkó Ìdànrè: Àwọn Jíìnì Tí Ń Dí Jẹjẹrẹ Lọ́nà

Kókó inú ọyàn fúnra rẹ̀ kì í sábà pa èèyàn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí àwọn tó ti sin ẹni wọn nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọyàn kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí, kì í ṣe ẹ̀dọ̀, kì í ṣe ọpọlọ. Wọ́n lè gé e kúrò pátápátá, kí obìnrin tó ni ín ṣì máa tajà ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́ ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Bí kókó bá bẹ́, tó di egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ìyẹn náà lè mú ẹ̀mí lọ, òótọ́ ni. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ikú jẹjẹrẹ ọyàn, ìrìn àjò ló ń fà á. Sẹ́ẹ̀lì kan já kúrò nínú kókó, ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó lọ dáko sínú egungun ẹ̀yìn, sínú ẹ̀dọ̀fóró, sínú ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ. Oko kejì yẹn ló ń pani.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìbéèrè wa kì í pé tá a bá dé iwájú dókítà. "Báwo ló ṣe tóbi tó?" la máa ń bèèrè. Èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni "Ṣé ó ti rìn?" Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ ti ń bi ara wọn láti ohun tó lé ní 35 ọdún: nínú àwọn tí tiwọn kò rìn, kí ló dí i lọ́nà?

Ara ní àwọn jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì, tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ìyẹn gan-an. Jíìnì adènà ni n ó máa pè wọ́n níbí. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ mọ́ BRCA1 tàbí TP53 tí orúkọ wọn ń jáde lórí rédíò. Iṣẹ́ tàwọn yẹn ni pé kí kókó má tilẹ̀ hù: wọ́n ń tún ohun tó bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ṣe, wọ́n ń dá sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ ya pòkíì dúró. Jíìnì adènà kò bá kókó jà. Kókó lè hù, kó tóbi bí àgbálùmọ̀, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì bá di ẹrù rẹ̀ tó fẹ́ jáde nílé ni wọ́n ń dìde.

Bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀ nínú láàbù rọrùn láti ṣàlàyé, bí ṣíṣe rẹ̀ kò tilẹ̀ rọrùn. Wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó mọ ìrìn í rìn, wọ́n á dá jíìnì tó sọnù padà sínú rẹ̀, wọ́n á gbìn ín sára eku. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á wọn kókó, wọ́n á sì la ẹ̀dọ̀fóró eku náà wò. Bí kókó bá tóbi bíi tàwọn eku tí wọn ò fi nǹkan kan kún tiwọn, àmọ́ tí ẹ̀dọ̀fóró mọ́, jíìnì adènà nìyẹn. Bí kókó bá kéré, ẹ̀rí náà ti bàjẹ́, torí kókó kékeré kò ní sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ tí yóò rán jáde tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ jíìnì tí wọ́n ń pariwo orúkọ wọn ló ń ṣubú níbi àyẹ̀wò yìí.

Lọ́dún 1889, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Stephen Paget kó àkọsílẹ̀ 735 obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn pa jọ. Ó rí i pé jẹjẹrẹ kì í balẹ̀ sí ibi tó bá ṣáà rí. Àwọn ẹ̀yà ara kan ń gbà á lálejò, àwọn mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ ń dé bákan náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ó fi wé irúgbìn: afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ síbi gbogbo, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bá a lára mu nìkan ló ti ń hù.

Ẹni tó bá ti dáko kòkó rí ní Ìdànrè kò nílò Paget kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ la kòkó, ẹ sá hóró rẹ̀ sóòrùn títí tó fi gbẹ: ó ti di ti oníṣòwò, kì í ṣe ti àgbẹ̀ mọ́, kò lè hù láéláé. Ẹ gbìn ín ní tútù sórí àpáta, ó kú. Ẹ gbìn ín sílẹ̀ tó dára láìsí ibòji ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ yóò gbé e lọ. Bí ọ̀bọ bá sì mu omi ara kòkó tó tu hóró rẹ̀ dà káàkiri igbó, mélòó nínú rẹ̀ ló ń di igi? Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣe rí nìyẹn. Nínú eku tí wọ́n fi ṣèwádìí, bí 10,000 sẹ́ẹ̀lì bá bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹyọ kan péré ló lè di kókó tuntun, ó tiẹ̀ lè má tó ẹyọ kan.

Ojú ọ̀nà ló ń pa àwọn yòókù. Nínú ọ̀nà wàrà, àwọn sẹ́ẹ̀lì so mọ́ra bíi bíríkì, torí náà ẹni tó fẹ́ lọ ní láti kọ́kọ́ tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti jẹ awọ tín-ín-rín tó yí ọ̀nà wàrà ká dá lu. Bí kò bá tíì lu awọ yẹn, jẹjẹrẹ ajókòó-sílé ṣì ni, bí wọ́n bá sì gé e mọ́ tónítóní, ó sábà máa ń parí síbẹ̀. Lẹ́yìn awọ, ó kan iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí iṣan omi ara tó lọ sí abẹ́ abíyá. Nínú ẹ̀jẹ̀, ìṣàn ń gbá a mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara ń dọdẹ rẹ̀. Bó bá yè, á há sínú òpó tóóró kan, á fún ara rẹ̀ gba ògiri òpó náà kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá ti sọ̀ ní gáréèjì ti di onílé. Rárá o. Sẹ́ẹ̀lì tó dé inú egungun lè sùn síbẹ̀ fún ọdún 5, ọdún 10, kódà 20, kò kú, kò sì pọ̀ sí i. Jẹjẹrẹ ọyàn tó ń jẹ họ́mónù estrogen ló mọ oorun yìí sùn jù.

Bodè kọ̀ọ̀kan ló ní oníbodè tirẹ̀, ìyẹn jíìnì adènà.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni NM23, lọ́dún 1988. Patricia Steeg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Cancer Institute ní Amẹ́ríkà kó oríṣiríṣi ìran sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ awọ ara eku jọ. Àwọn kan ń rìn gan-an, àwọn kan kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn. Wọ́n wá jíìnì tó ń sọ̀rọ̀ sókè, ìyẹn tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, nínú àwọn tí kì í rìn, tó sì dákẹ́ nínú àwọn alárìnkiri. Lẹ́tà méjì iwájú orúkọ náà ń sọ pé kì í tàn kálẹ̀. 23 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ wọn. Àmọ́ ẹ má sáré pè é ní ẹni rere níbi gbogbo. Nínú jẹjẹrẹ iṣan ara àwọn ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní neuroblastoma, ibi tí NM23 ti pọ̀ jù ni àìsàn ti le jù. Oníbodè Àkúrẹ́ kì í ṣe oníbodè Ọ̀wọ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni KISS1. Láàbù Danny Welch ló rí i lọ́dún 1996, ní ìlú Hershey, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ṣokoléètì Hershey's Kisses. Orúkọ ṣokoléètì yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́. Kòkó ló tún padà dé yìí! Ohun tó ṣàrà ọ̀tọ̀ nínú KISS1 ni bodè tó ń ṣọ́. Nígbà tí wọ́n dá a padà sínú sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn, sẹ́ẹ̀lì náà ṣì jáde nílé, ó gba inú ẹ̀jẹ̀, ó dé ẹ̀dọ̀fóró, ó sì jókòó síbẹ̀ láìbímọ. Hóró délẹ̀, kò hù. Lọ́dún 2001 ni wọ́n rí ilẹ̀kùn tí ohun tí KISS1 ń ṣe jáde máa ń kàn lára sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n pè ní GPR54. Nígbà tó di 2003, wọ́n rí i pé ọmọ tí ilẹ̀kùn yẹn bá bàjẹ́ lára rẹ̀ kì í bàlágà. Jíìnì kan náà ló ń jí ìbàlágà, tó tún ń mú jẹjẹrẹ sùn. Nínú ọyàn gan-an, ẹ̀rí nípa rẹ̀ kò tíì rẹ́: àwọn ìwádìí kan bá a púpọ̀ nínú kókó tó ti dé abẹ́ abíyá, èyí tó yẹ kó jẹ́ òdìkejì.

BRMS1 ni wọ́n dìídì wá nítorí ọyàn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé odidi kírómósómù 11, ọ̀kan nínú àwọn ìdì tí jíìnì wà nínú wọn, sínú ìran sẹ́ẹ̀lì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ MDA-MB-435, ìrìn rẹ̀ sì já wálẹ̀ gidigidi, kókó kò yí padà. Èyí túmọ̀ sí pé oníbodè kan wà lórí kírómósómù yẹn. Wọ́n wá a títí, lọ́dún 2000, láàbù Welch kan náà, wọ́n sì rí i.

Ẹ fojú inú wo DNA bí òwú gígùn tí wọ́n ká mọ́ àwọn kẹ̀kẹ́ òwú kéékèèké. Bí wọ́n bá ká a le, kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá tú u, jíìnì á máa sọ̀rọ̀. BRMS1 ń bá ẹgbẹ́ àwọn tí ń ká òwú le ṣiṣẹ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní HDAC, ó sì ń darí wọn sí àwọn jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rìn. Ọ̀kan lára wọn ni osteopontin, ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí ẹsẹ̀ dúró níbi tuntun. Bí BRMS1 bá sọnù, ọ̀rọ̀ osteopontin á pọ̀. Ó tún ń ṣe ohun kan tí n kò retí: ó ń tún ojú ihò kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì fi ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ ṣe. Ẹni tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ kì í tètè sá nílé.

Wàyí o, MDA-MB-435. Lọ́dún 1976 ni wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì náà, láti inú omi tó yí ẹ̀dọ̀fóró obìnrin ẹni ọdún 31 kan ká, ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọyàn. Gbogbo ayé fi ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ọyàn fún ọdún gbọọrọ. Ọdún 2000 kan náà yẹn ni àwọn kan yẹ àwọn jíìnì tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ wò, wọ́n ní kò jọ ti ọyàn, ti jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní melanoma ló jọ. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ọ̀kan náà ni òun àti ìran sẹ́ẹ̀lì melanoma kan tó ń jẹ́ M14. Ohun tó yọ BRMS1 nínú ẹjọ́ ni pé wọ́n ti dán an wò nínú MDA-MB-231 náà, èyí tó jẹ́ ti ọyàn lóòótọ́, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ yunifásítì FUTA tàbí UNIMED tó bá fẹ́ gba igo sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ní láàbù mìíràn kó fi èyí sọ́kàn. Kó ní kí wọ́n ka àmì ìdánimọ̀ DNA rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní STR, kó tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí, kó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ́ wò fún mycoplasma, kòkòrò tó ń gbé inú igo láìfojú hàn, tó sì ń yí ọ̀rọ̀ jíìnì padà.

E-cadherin wà lẹ́nu bodè àkọ́kọ́: òun ni símẹ́ńtì tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀. Oríṣi jẹjẹrẹ ọyàn kan wà, lobular, tó máa ń sọ símẹ́ńtì yìí nù pátápátá. Bí ẹ bá wo o lábẹ́ ẹ̀rọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì ń tò lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láàárín ẹran ọyàn bí ìjàlọ. Torí bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣù di kókó róbótó. Obìnrin á kàn rí i pé apá kan ọyàn òun ki ju ìkejì lọ, fọ́tò ọyàn pàápàá lè fò ó. Ẹni tó bá ń wá kókó nìkan kò ní rí i.

Èèyàn á wá rò pé bí símẹ́ńtì bá ti lọ, àjò á yá. Lọ́dún 2019, ìwádìí kan tó jáde nínú Nature fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú oríṣi jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n yọ E-cadherin kúrò, sẹ́ẹ̀lì tú ká lóòótọ́, ó wọ inú ẹran púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń kú sójú ọ̀nà, kókó tuntun sì dín kù. Sẹ́ẹ̀lì tó rìn ní ẹgbẹ́, tó so mọ́ra, ló ń gúnlẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ fún yín pé E-cadherin jẹ́ adènà, kó fi "níbo?" àti "nígbà wo?" kún un.

Ibi tí ọkàn mi fà sí jù nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ tí NM23 tàbí BRMS1 ti dákẹ́, bí ẹ bá ka jíìnì náà ní lẹ́tà lẹ́tà, ẹ máa bá a ní pípé. Kò já, kò bàjẹ́. Wọ́n tì í pa ni. Àmì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní methyl, káábọ̀nù kan pẹ̀lú haidirójìn mẹ́ta, lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà jíìnì náà bí àgádágodo. Inú kókó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti tì í, kì í ṣe láti inú ìyá wá. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ, ó yẹ ká ya èyí sọ́tọ̀. Àjogúnbá wà lóòótọ́: ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, tí Olufunmilayo Olopade wà nídìí rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé ẹnì kan nínú mẹ́jọ tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ló jogún àbùkù nínú BRCA1, BRCA2, PALB2 tàbí TP53. Méje yòókù kò jogún àbùkù wọ̀nyẹn. Nínú àwọn jíìnì adènà tí mo ti dárúkọ lókè, jíìnì E-cadherin nìkan ni ìdílé díẹ̀ ti ń jogún àbùkù rẹ̀ tó ń fa jẹjẹrẹ, ikùn ló sì sábà ń bá jà pẹ̀lú ọyàn.

Ohun tí wọ́n tì, ṣé kò ṣeé ṣí? Wọ́n ti gbìyànjú. Àwọn Steeg rí i pé oògùn kan, medroxyprogesterone, ń mú kí NM23 sọ̀rọ̀ padà nínú sẹ́ẹ̀lì inú àwo. Oògùn kan náà ló wà nínú abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta, 150 milligram, tí wọ́n ń gún ní sẹ́ńtà ìlera. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní ìwọ̀n tó ju ìyẹn lọ fíìfíì, àǹfààní tó jáde kéré, kò sì di ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ gún abẹ́rẹ́ yẹn torí ohun tó kà níbí: ẹni tí jẹjẹrẹ ọyàn wà lára rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ lò ó rárá.

Oògùn entinostat, tó ń dí ọwọ́ àwọn HDAC tí ń ká òwú, ṣe dáadáa nínú ìdánwò kékeré. Nígbà tí wọ́n gbé e sí ìdánwò ńlá tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2021, kò fi ọjọ́ kún ẹ̀mí àwọn tó lò ó. Ṣáínà fọwọ́ sí èyí tó jọ ọ́, tucidinostat, lọ́dún 2019 fún oríṣi jẹjẹrẹ ọyàn kan. Ẹ tún rántí pé àwọn HDAC yìí gan-an ni BRMS1 ń bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó dè wọ́n lọ́wọ́ láti jí oníbodè kan lè fi bẹ́ẹ̀ gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ oníbodè kejì. Èyí wà lára ìdí tí mi ò fi gbà pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo á ṣí gbogbo rẹ̀. Kò sì ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi gbé àgbo rẹ̀ sórí WhatsApp pé ó ń jí jíìnì. Ẹ bi í léèrè pé jíìnì wo.

Ní báyìí, kò sí ilé ìwòsàn tó ń fi àyẹ̀wò BRMS1 tàbí KISS1 yan ìtọ́jú, ì báà jẹ́ ní Àkúrẹ́, ì báà jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ tọ́jú owó yín. Àwọn tó ń yan ìtọ́jú ni ER, PR àti HER2, ilẹ̀kùn mẹ́ta tí wọ́n ń wá lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ (ER ni ti estrogen), mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lọ́wọ́ ẹni tó gba ẹran tí wọ́n gé lára ọyàn sínú igo. Ibẹ̀ ni nǹkan ti sábà ń bàjẹ́.

Fọ́málínì ni, omi tí wọ́n fi ń mú kí ẹran gan kó má bàa jẹrà. Lítà kan rẹ̀ tó pé: formaldehyde líle ti ìdá 37 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, 100 milílítà, omi tó mọ́, 900 milílítà, sodium phosphate oní-sodium-kan, gíráàmù 4, oní-sodium-méjì, gíráàmù 6.5. Àwọn iyọ̀ méjì yìí ni wọ́n máa ń fò, wọ́n á kàn fi omi là á. Láìsí wọn, fọ́málínì á kan, á sì fi àwọ̀ ilẹ̀ dúdú wínníwínní sílẹ̀ káàkiri ẹran náà, tí patọ́lọ́jíìsì, dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò, á máa rò pé kí nìyí. Ẹran gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀ láàárín wákàtí kan tí wọ́n gé e, fọ́málínì náà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran. Fọ́málínì kì í yára wọlé, nǹkan bíi milimítà kan ní wákàtí kan. Odidi ọyàn tí wọ́n jù sínú ike láìlà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gan, àárín rẹ̀ ń jẹrà. Kí wọ́n là á ní ègé ègé, milimítà 5 sí 10, kí fọ́málínì lè wọ àárín.

Iye àkókò inú rẹ̀: kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 6, kò gbọdọ̀ ju 72 lọ. Iṣẹ́ abẹ ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí Iléyá bọ́ sí Jímọ̀ tẹ̀ lé, tí wọ́n fi ìsinmi Mọ́ńdè kún, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan igo títí di Túsìdeè, ti kọjá 72. Bí ẹran kò bá gan tó, tàbí tó pẹ́ jù, ER lè jáde pé kò sí nígbà tó wà. Wọn ò ní fún obìnrin náà ní tamoxifen, oògùn tó ń dí ilẹ̀kùn estrogen, tó yẹ kó máa lò. Sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn sínú egungun rẹ̀ á wá jí láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, nítorí omi inú igo.

Bó bá dé láàbù, wọ́n á rì í sínú epo paraffin, wọ́n á gé e tín-ín-rín bíi micron 4. Kí áńtíbọ́dì, ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ER tàbí èyí mìíràn tí wọ́n ń wá, tó lè mú, wọ́n ní láti sè é nínú omi citrate, pH 6.0, tó gbóná sún mọ́ híhó fún ìṣẹ́jú 20. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú kẹjọ, ègé yẹn ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìkòkò ìsebẹ̀ onípírẹ́ṣọ̀ lórí gáàsì ń ṣe é bó ṣe yẹ, àwọn onílàákàyè sì ń lò ó. Áńtíbọ́dì ń gbé inú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n Celsius 2 sí 8. Èyí tó bá dì, tó yọ́, tó tún dì, kò ṣeé fọkàn tán.

Ẹ wo ègé kan báyìí. Sẹ́ẹ̀lì jẹ́ búlúù, ohun tí áńtíbọ́dì mú jẹ́ àwọ̀ búráùn. E-cadherin tó wà ń yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká bí afárá oyin. ER ń pọ́n inú àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní nucleus. Bó bá tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á kọ ọ́ pé ó wà. Kí patọ́lọ́jíìsì tó wo jẹjẹrẹ, ó yẹ kó wo ọ̀nà wàrà tó dá ṣáká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ yẹ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan pọ́n. Bí èyí tó dá ṣáká kò bá pọ́n, "kò sí" tó wà lára jẹjẹrẹ kì í ṣe èsì, àṣìṣe láàbù ni. Kí wọ́n tún un ṣe.

Àjọ IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ṣírò rẹ̀ pé ní Nàìjíríà lọ́dún 2020, ó lé ní 28,000 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àìsàn yìí lára wọn, ó sì lé ní 14,000 tó kú. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá rí i nígbà tó ṣì wà nínú ọyàn nìkan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ń lo ọdún 5. Bó bá ti rìn jìnnà, bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, ìrìn àjò yẹn ni. Betty Anyanwu-Akeredolu, tí ọkọ rẹ̀ ṣe gómìnà Oǹdó láti 2017 sí 2023, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti la jẹjẹrẹ ọyàn já, dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àtètèrí yìí. Mo fara mọ́ wọn, àmọ́ ó yẹ kí ìpolongo máa bá obìnrin dé ọdún kẹrin tamoxifen rẹ̀ pẹ̀lú. 20 milligram, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ọdún 5 ó kéré tán. Ojú egbò á ti jinná, ara á ti yá, ẹ̀gbọ́n á ní "ṣé ò ń lo oògùn yìí síbẹ̀ ni?" Òun ló ń bá wọn ṣọ́ èyí tó ń sùn. Bí egungun ẹ̀yìn bá wá ń ro ó lóru, tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ikọ́ gbígbẹ kò dáwọ́ dúró, kó má pè é ní làkúrègbé tàbí òtútù ọyẹ́. Kó padà lọ.

Kó sì mú búlọ́ọ̀kù paraffin rẹ̀ dání bí wọ́n bá tọ́ ọ sí Ìbàdàn fún ìtọ́jú oníná (radiotherapy). Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ láàbù pẹ̀lú ìwé èsì. Ó lè wà fún ogún ọdún, wọ́n á sì tún lè gé e fún àyẹ̀wò tí kò tíì sí lónìí, títí kan ti jíìnì adènà. Nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 56 ni epo yẹn ti ń yọ́. Inú báàgì ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe orí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò tó dúró sóòrùn.